Eegun Ẹ̀yìn Èjìká Mojí

Eegun tí mo fi ọdún méjìlá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílé ni mo wá ń yọ sínú garawa ní Cheetham Hill. A ò tíì lo oṣù kan tán ní Manchester tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ẹran ni, ojú títì ńlá tí bọ́ọ̀sì ń gbà lọ gbà bọ̀ ló wà. Ọ̀gá mi jẹ́ ará Pakistan kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Hájì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Hájì gbé apá iwájú àgùntàn lé pákó níwájú mi, ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tọ́ka sí ibì kan, ó ní, "Blade nìyí. Yọ ọ́. Má ba ẹran jẹ́."

Mo wò ó. Scapula ni. Eegun pẹlẹbẹ tó fẹ̀ lápá kan, tó wá tín-ín-rín níbi tó ti pàdé eegun apá, tí nǹkan kan sì ga sókè lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹ̀yìn ebè. Ọ̀kan wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì mi nílé, ti èèyàn, tó ti pọ́n nítorí ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo máa ń gbé e yí kíláàsì ká. Mo máa ń sọ fún wọn pé inú èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni orúkọ náà ti wá, pé àwọn kan gbà pé ó bá ọ̀rọ̀ ṣọ́bìrì tan, torí pé láyé ijọ́un, eegun èjìká ẹran ni àwọn èèyàn fi ń gbẹ́ ilẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Màá tún sọ fún wọn pé tí wọ́n bá dé abúlé, kí wọ́n má lọ pe scapula sí ìyá àgbà kankan létí. Kí wọ́n ní "eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká," kí wọ́n sì fi ọwọ́ kàn án níbẹ̀, torí èjìká ni gbogbo rẹ̀ lẹ́nu àwa Yorùbá, láti ìdí ọrùn títí dé apá.

Mi ò sọ ìkankan nínú èyí fún Hájì. Mo yọ blade. Mo ba ẹran jẹ́ díẹ̀. Ó ní kò burú, kí n máa ṣe é lọ.

Mojí ìyàwó mi ni wọ́n fún ní físà. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló wá ṣe ní care home kan ní Ashton, èmi sì tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí ọkọ. A fi Tèmi, ọmọ wa kan ṣoṣo, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi kó lè parí ìwé mẹ́fà. Yàrá kan la gbà lókè ilé àwọn ẹlòmíì. Mojí á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, á wọ bọ́ọ̀sì, á wọ trámù, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú. Èmi á rìn lọ síbi iṣẹ́ ní tèmi. Nígbà míì, ó máa ń pé ọjọ́ mẹ́ta tí a ò bára wa sọ ju "ṣé o ti jẹun" lọ.

Àwọn tó mọ̀ mí nílé máa ń bi mí lórí fóònù bóyá ó dùn mí, pé èmi tí mo ń kọ́ni wá ń gé ẹran. Ká sọ òótọ́, kò dùn mí. Kò sì dùn mọ́ mi. Ara mi kú ni. Bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú téèyàn bá jókòó lé e pẹ́, tí o lè gún un ní abẹ́rẹ́ tí kò sì ní mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni inú mi rí. Mo ń jẹun, mo ń sùn. Mo mọ ẹran tó tutù yàtọ̀ sí èyí tó di yìnyín. Tí oníbàárà bá rẹ́rìn-ín sí mi, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, tí wọ́n bá ní, "Bọ̀dá, kí lẹ̀ ń ṣe níbí?" màá ní, "Mo wà ní Cheetham Hill," bí ẹni pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà.

Ìyá mi ni kò ṣeé dá lóhùn bẹ́ẹ̀.

"Ṣé iṣẹ́ ń lọ?"

"Ó ń lọ, mà."

"Kí ni wọ́n ní kó o máa ṣe?"

"Iṣẹ́ tó jẹ mọ́ eegun ni, Màámi."

Mi ò purọ́. Àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti sọ fún ìjọ pé ọmọ òun ti di dókítà eegun ní London. Gbogbo ibi tí ọkọ̀ òfúrufú ń balẹ̀ sí, London ni lójú ìyá mi. Mi ò tún un ṣe.

Ọ̀sán ọjọ́ Tuesday kan ni mo rí i. Àwa méjèèjì ò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, òjò wínníwínní tó ń rọ̀ níta kò sì fẹ́ dá. Mojí ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ni, ó ró ìró mọ́ àyà, ó fẹ́ gbé ike gaàrí tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọwọ́ òsì ló kọ́kọ́ nà, kò tó o. Ló bá gbé ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ náà gòkè dé ibi èjìká, ó dúró, kò lọ mọ́. Ẹ̀yìn ló kọ sí mi. Bí ọwọ́ ṣe dúró ni eegun ẹ̀yìn èjìká rẹ̀ yọ síta lábẹ́ awọ, gbogbo etí rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí ẹni tó jáde kẹ́yìn kò pa dé.

Ohun tójú ń tì mí jù láti sọ nìyí. Orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo wo ẹ̀yìn ìyàwó mi, mo ka orúkọ náà tán nínú ara mi, bó ṣe wà nínú ìwé: winging of the scapula. Mo rántí ojú ewé tí àwòrán rẹ̀ wà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó rántí pé Mojí ni.

"Dúró bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Láti ìgbà wo?"

Ó sọ ọwọ́ sílẹ̀. Kò yíjú sí mi. "Ó ti tó oṣù méjì."

Ó sọ ọ́ fún mi níbi tó dúró sí. Bàbá kan wà ní care home náà tó ga, tó sì tóbi. Èèyàn méjì ló yẹ kó máa gbé e, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn. Lọ́jọ́ yẹn, Mojí nìkan ló wà níbẹ̀, ẹnì kejì rẹ̀ ti sáré lọ dáhùn aago níbòmíì. Bàbá náà ní òun fẹ́ dìde, ó dìde lóòótọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó di Mojí mú ní ọrùn ọwọ́, ó sì fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn.

"Ṣé o ò lè fi í sílẹ̀ ni?"

"Kí n wá máa wò ó kó fi orí gbálẹ̀?"

Ó ní nǹkan kan gbóná fòò lábẹ́ abíyá òun. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn. Nígbà tó yá, ìrora náà lọ, ó rò pé ó ti san. Àfi bí ọwọ́ ò ṣe gòkè mọ́. Ó pe ọ́fíìsì GP, dókítà àdúgbò wa, ó ní èjìká ń dun òun. Wọ́n ní kó lo paracetamol, kó sinmi.

"Èjìká lo sọ?"

"Kí ni kí n pè é?"

"Mojí, èjìká ò tó. Ẹni tó bá sùn lé ọwọ́ náà ń pè wọ́n pé èjìká ń dun òun."

"Tí mo bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀, ibi iṣẹ́ á gbọ́. Carer tí kò lè gbé èèyàn, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Tí wọ́n bá dá mi dúró, ọgọ́ta ọjọ́ la ní láti rí ibi iṣẹ́ míì tó máa dúró fún físà wa, Dádì Tèmi. Ọgọ́ta ọjọ́, ká máa palẹ̀ mọ́."

"O ò wá lè sọ fún èmi?"

Ìgbà yẹn ló tó yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ gbẹ. "Ìgbà wo lẹ bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́yìn nínú yàrá yìí, tí mo fẹ́ fi sọ ọ́ fún yín?"

Mo gbé ike gaàrí náà sọ̀kalẹ̀. A pò ó, a mu ún. Nígbà tí a mu ún tán, mo ní kó jókòó, mo sì ṣàlàyé eegun náà fún un bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ ọdún kìíní. Pé ọ̀pọ̀ eegun tó kù lára ló ní eegun mìíràn tó gbá a mú gírígírí. Scapula kò fara ti egungun ìhà tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹran ara nìkan ló so ó mọ́ ọn. Iṣan tín-ín-rín kan ló ń gbé àṣẹ láti ọrùn wá fún ẹran náà, iṣan yẹn ni bàbá yẹn fà. Tó bá sinmi, ó lè jí. Tó bá ń gbé èèyàn lọ bẹ́ẹ̀, ó lè má jí mọ́ láé.

"Ó máa tó ìgbà wo kó tó jí?"

"Ó lè tó ọdún kan. Ó lè jù bẹ́ẹ̀."

Ó mi orí. Ẹ̀yìn bébà kan tí wọ́n jù sí ẹnu ọ̀nà wa ni mo kọ ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún dókítà sí. A jọ kọ́ ọ títí ìrọ̀lẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ń kọ́ ọmọdé ní ẹsẹ Bíbélì. Ó ń pè é ní sìkápúlà, ohùn ilé ló fi ń gbé e. Mo ní kó pè é bó ṣe rọ̀ ọ́ lẹ́nu, kó ṣáà ti pè é.

Dókítà tó gbà wá wọlé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Orúkọ Yorùbá ló wà lára káàdì ọrùn rẹ̀, àmọ́ Bolton ni wọ́n bí i sí, ohùn ibẹ̀ ló sì fi ń sọ̀rọ̀. Ó rí orúkọ Mojí lójú kọ̀ǹpútà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ káàsán, mà," bí ẹni tó ń kà á nínú ìwé. Ó sì padà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ka ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní èjìká ni, àbí, ó jọ pé ẹran ara ló fà, wọ́n á fi oògùn tó le díẹ̀ kún un.

Mojí gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Ó là á sílẹ̀ ní ẹ̀mí kan. Pé kì í ṣe èjìká. Pé scapula òun lápá ọ̀tún ń yọ kúrò lára ìhà tí òun bá gbé ọwọ́, pé ọwọ́ náà ò kọjá ibi èjìká mọ́, pé ó ti pé oṣù méjì tí aláìsàn kan ti fà á, pé òun fẹ́ kí wọ́n yẹ iṣan tó lọ síbẹ̀ wò.

Ọwọ́ dókítà dúró lórí kọ̀ǹpútà.

"Ṣé nọ́ọ̀sì ni yín?"

"Rárá. Carer ni mí."

Ó wò mí. "Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

"Alápatà ni mí," mo ní.

"Irọ́ ni," Mojí sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó wá yí i sí Gẹ̀ẹ́sì fún un. "Olùkọ́ ni. Ọdún méjìlá ló fi kọ́ àwọn èèyàn ní eegun."

Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú àwa méjèèjì.

Dókítà ní kó dìde, kó kọjú sí ògiri, kó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tì í. Mo gbé ojú mi kúrò. Ojú dókítà ni mo ti rí i. Ó wá fi ọwọ́ kan eegun náà jẹ́ẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́." Ó bi mí ohun tí wọ́n ń pè é ní Yorùbá, torí pé èjìká ni màmá òun ń pe gbogbo rẹ̀. Mo ní èjìká náà ni gbogbo wa ń pè é. Mo ní tó bá fẹ́ là á yé aláìsàn, kó ní eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká. Ó wí i tẹ̀ lé mi, àmì ohùn rẹ̀ ò sí níbi kankan tó yẹ kó wà. Ó kọ lẹ́tà sí ọsibítù níwájú wa.

Nígbà tí a dúró de bọ́ọ̀sì, Mojí ní, "Ọ̀rọ̀ kan péré." Ó tún un sọ. "Oṣù méjì, ọ̀rọ̀ kan péré."

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí inú mi dùn. Mo dúró de ìdùnnú náà bí mo ṣe ń dúró de bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì ló dé.

Ọsibítù fi iná mànàmáná tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ dán iṣan náà wò, wọ́n ní kò já, ó sùn ni. Wọ́n kọ ọ́ pé kò gbọ́dọ̀ gbé èèyàn fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán. Mojí mú lẹ́tà náà lọ fún máníjà rẹ̀. Máníjà ní òun á pè é. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò pè é. Kálẹ́ńdà kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù wa, mo ti fi ojú ka ọgọ́ta ọjọ́ lórí rẹ̀, mi ò fi bírò kàn án. Mo mọ ọjọ́ tó bọ́ sí.

Nínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, Hájì bá mi níbi tí mo dúró sí pẹ̀lú blade kan lọ́wọ́, tí mi ò jù ú sínú garawa.

"Kí ló ṣe ẹ́?"

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún un nìyẹn. Ohun tí mo ń kọ́ni nílé, ohun tó ṣe ìyàwó mi. Ó gba eegun náà lọ́wọ́ mi, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tí òun ti ń yọ nǹkan yìí, òun ò bi ẹnikẹ́ni rí pé kí ló ń ṣe lára ẹran. Ó ní kí n sọ ọ́. Mo sọ ọ́. Àwọn oníbàárà dúró, wọ́n ń gbọ́. Láti ọjọ́ náà, Tísà ni orúkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ṣì ń gé ẹran.

Máníjà pè é nígbà tó yá. Ẹni tó ń fún àwọn arúgbó ní oògùn ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ń lọ Australia. Ṣé Mojí lè máa ṣe oògùn àti ìwé kíkọ? Àánú kọ́, àyè ló ṣí sílẹ̀. Àwọn kan lára àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò fẹ́ràn rẹ̀, torí ẹrù tí kò gbé mọ́, àwọn ni wọ́n ń gbé e. Obìnrin kan sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé ó ń díbọ́n. Mojí ò bá a jà. Ó bọ́ kádígàn, ó kọjú sí ògiri kíṣìnnì, ó tì í, ó jẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀yìn òun tẹ́rùn. Ó wọ kádígàn rẹ̀ padà, ó lọ pín oògùn aago méjìlá.

Nígbà tó sọ ọ́ fún mi, mo bi í pé kí ni wọ́n sọ. Ó ní ẹnì kan se tíì fún òun.

Ìyá mi pè lọ́jọ́ Saturday kan. Díákónì kan nínú ìjọ wọn ṣubú lórí ọ̀kadà, ọwọ́ rẹ̀ ò gbé sókè, ó ní kí n bá wọn bi àwọn dókítà tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn garawa. Ó rẹ̀ mí. Mi ò rí ìdí kankan mọ́ tí mo fi ń bò ó.

"Màámi, mi ò bá dókítà kankan ṣiṣẹ́. Alápatà ni mí. Ẹran ni mo ń gé, láti ìgbà tí mo ti dé."

Mo wo fóònù bóyá ó ti já. Mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wọn. Mo ń retí kó sunkún, tàbí kó bi mí pé ta ló ṣe mí.

"Ṣé ọ̀bẹ náà mú?" ó ní.

"Ó mú, mà."

"Máa ṣọ́ ọwọ́ rẹ."

Ó wá ní, "Díákónì ńkọ́?"

Mo bi í ní ìbéèrè díẹ̀, ibi tó ń dùn ún, bó ṣe ṣubú. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù jẹ́nẹ́rà, kí wọ́n ya fọ́tò eegun ẹ̀yìn èjìká rẹ̀, kí wọ́n má kàn fi òróró fà á. Ó ní kí n dúró, kí Tèmi wá kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà. Mo pe ọ̀rọ̀ náà, scapula, fún un.

"Dádì, ṣé c ni àbí k?"

"C ni."

"Ṣé mo kọ ọ́ dáadáa?" Ó kà á sí mi létí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo ní ó kọ ọ́ dáadáa. Mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn fíríìsà, mo sì dúró síbẹ̀ títí Hájì fi pè mí.

Mo ti ń ronú nípa ohun tí wọ́n ń pè ní ilé, láti ìgbà náà. Àwọn tó ti pẹ́ níbí máa ń sọ pé ó máa mọ́ ọ lára. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti mọ́ mi lára. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, mo sì mọ àwọn tó máa béèrè mi tí mi ò bá dé. Nílé, ohun tí mo ní kò ju ìyẹn lọ, mi ò kàn kà á rí ni.

Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ti kọjá lórí èjìká Mojí. Kò tíì padà sí bó ṣe wà. Ó máa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fún un ní eré ìdárayá, wọ́n ní kó máa ní sùúrù. Mi ò bi í mọ́, torí kò fẹ́ kí n máa bi í.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jọ ń bọ̀ láti àárín ìlú lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Bọ́ọ̀sì kún, a dúró. Èmi di ìdí àga kan mú, Mojí wà níwájú mi, ó ń sọ ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó kọ̀ láti gbé oògùn rẹ̀ mì, tó fi pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bọ́ọ̀sì yà lójijì níbi iná tó ń darí ọkọ̀, gbogbo èèyàn sì mì. Mojí na ọwọ́ sókè, ó di irin tó wà lókè orí mú. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Kò mọ̀. Ó ń bá ìtàn rẹ̀ lọ, ó ń sọ bí òun ṣe bẹ obìnrin náà, bí obìnrin náà ṣe tu oògùn jáde tó sì ní òun ti gbé e mì. Ọwọ́ náà wà lókè. Kóòtù bo ẹ̀yìn rẹ̀, mi ò lè rí ohun tí eegun náà ń ṣe.

Mo rò pé mo fẹ́ wúkọ́ ni, mo fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Dádì Tèmi, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́."

"Kí ni mo sọ kẹ́yìn?"

"O ní ó tu ú jáde."

Ó wò mí lójú, ó tún wò mí. "Ẹ̀ ń sunkún?"

Obìnrin kan tó jókòó nítòsí gbé ojú rẹ̀ sí fèrèsé. Mo ní kí Mojí máa bá ìtàn lọ. Kò bá a lọ. Ó sún mọ́ mi, ó fi ọwọ́ kejì di àpò kóòtù mi mú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà lókè níbẹ̀ títí a fi dé ibi tí a ń bọ́ sílẹ̀.